Owó Ọ̀sẹ̀ Àwọn Tí Ọ̀daràn Ṣe Lọ́ṣẹ́: Ohun Tí Ojú Akápò Rí

Ìràwọ̀ mẹ́ta àbọ̀ nínú márùn-ún ni mo fún un. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹni tí kò ráyè ka ọ̀rọ̀ gígùn lè mọ ibi tí mo dúró sí. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ni owó ìrànwọ́ kékeré kan tó ń jẹ́ Community Awareness Projects, tí àwa tó ń bá a ṣe ń pè ní CAP. Owó yìí ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fi ń ti àwọn ẹgbẹ́ lẹ́yìn láti ṣe ìpàdé àti ìkéde ní National Crime Victims' Rights Week, ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù kẹrin ọdọọdún tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn tí ọ̀daràn ṣe lọ́ṣẹ́: ẹni tí wọ́n jà lólè, ẹni tí wọ́n lù, ẹni tí wọ́n fipá bá lò, ẹni tí wọ́n pa ọmọ rẹ̀. Akápò ni mí nínú ẹgbẹ́ obìnrin Yorùbá kan ní apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn Houston. N kò mọ ọ̀rọ̀ sọ bí agbẹnusọ, ṣùgbọ́n bí owó bá wọlé, mo mọ ibi tó gbà wọlé, mo sì mọ ibi tó gbà jáde.

Ẹ jẹ́ kí n ti orísun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ dùn mọ́ mi. Ọdún 1981 ni Ronald Reagan, tó jẹ́ ààrẹ nígbà náà, kọ́kọ́ kéde ọ̀sẹ̀ yìí. Ní 1984, àwọn aṣòfin ṣe òfin tí wọ́n ń pè ní VOCA, òfin náà ló sì dá àpò owó kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ Crime Victims Fund. Owó orí èmi àti ẹ̀yin kọ́ ló ń wọ àpò yìí. Owó ìtanràn ni: ohun tí kóòtù ìjọba àpapọ̀ bá ní kí ọ̀daràn san, títí kan àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó rú òfin. Láti 2021 ni wọ́n tún ti ń da owó tí ilé-iṣẹ́ bá fi bá ìjọba parí ọ̀rọ̀, kí ẹjọ́ má baà lọ jìnnà, sínú rẹ̀. Nígbà tí mo ka èyí fún àwọn ìyá ẹgbẹ́, ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa tó ti ń tòògbé láti ìgbà tí wọ́n ti gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ lajú, ó ní: "Àṣé olè ni yóò sanwó gbọ̀ngàn wa! Ẹ tètè kọ̀wé sí wọn o." Báyìí ni ẹgbẹ́ ṣe fọwọ́ sí i. Ẹnikẹ́ni kò bi mí ní ìbéèrè mìíràn lọ́jọ́ náà.

Àpò tó jẹ́ pé owó ìtanràn ló ń kún un kì í kún bákan náà lọ́dọọdún, àwọn aṣòfin ló sì ń sọ iye tí wọ́n lè bù nínú rẹ̀. Ní 2018, iye náà lé ní bílíọ̀nù 4.4 dọ́là. Nígbà tí yóò fi di 2024, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.35. Ní oṣù kẹrin 2025, ilé-iṣẹ́ ìdájọ́ fagi lé ọgọ́rọ̀ọ̀rún owó ìrànwọ́ tí wọ́n ti ṣèlérí fún àwọn ẹgbẹ́ káàkiri, àwọn tó ń ran ẹni tí ọ̀daràn ṣe lọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ sì wà lára wọn. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé owó ìjọba Amẹ́ríkà kì í yẹ̀, ẹ kí i fún mi.

Nínú àpò ńlá yìí ni Office for Victims of Crime, ìyẹn OVC, tó wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ìdájọ́, ti ń bu díẹ̀ fún ìkéde. NAVAA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń bójú tó owó VOCA ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí ọ́fíìsì wọn wà ní Wisconsin, ni wọ́n gbé iṣẹ́ pínpín rẹ̀ lé lọ́wọ́. Iye tí èmi mọ̀ ọ́n mọ́ kò ju 5,000 dọ́là lọ fún iṣẹ́ kan. Ẹ wo ìkéde ọdún tiyín, kí ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi ṣe bọ́jẹ́ẹ̀tì. Ìkéde náà máa ń jáde ní ọdún tó ṣáájú, kí òtútù tó mú, nígbà tí kò tí ì sí ẹni tó ń ronú kan oṣù kẹrin. Ẹgbẹ́ tó bá dúró di ìgbà ààwẹ̀ Lẹ́ńtì kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó, ọjà ti tú.

Fọ́ọ̀mù rẹ̀ kò le. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, àwọn tí ẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀, àwọn tí ẹ jọ fẹ́ ṣe é, àti bí ẹ ó ṣe ná owó náà. Mo ti kún fọ́ọ̀mù tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ nítorí à ti gba ilé ìyẹ̀wù méjì. Ibi tí ẹ ti máa fara balẹ̀ ni ti àwọn tí ẹ jọ fẹ́ ṣe é. Wọn kò fẹ́ ẹgbẹ́ tó fẹ́ dá ṣe é. Wọ́n fẹ́ rí ọlọ́pàá, ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ìjọba, ilé ìwòsàn, ilé ààbò àwọn obìnrin, ilé ìjọsìn, kí gbogbo wọn jókòó sídìí tábìlì kan náà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ wa kò mọ ẹnì kankan nínú wọn, àfi ọlọ́pàá tó dá ọkọ̀ wọn dúró lójú títì.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Èmi gan-an kò mọ̀ pé yóò fa àríyànjiyàn tó ìyẹn. Òfin ilé-iṣẹ́ ìdájọ́ ni pé a kò gbọdọ̀ fi owó yìí ra oúnjẹ tàbí ohun mímu fún ìpàdé. Kì í ṣe kí oúnjẹ má pọ̀, kì í ṣe kó jẹ́ ìpápánu nìkan. Rárá ni. Ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ Yorùbá, ẹ ti mọ ohun tó tẹ̀ lé e. Alága wa bi mí léèrè pé ta ni yóò fi ọjọ́ Sátidé rẹ̀ wá gbọ́ nípa olè àti apààyàn láìsí ìrẹsì. Akọ̀wé ní kí a kọ ọ́ sábẹ́ "ohun èlò". Mo ní èmi kọ́ ni yóò fọwọ́ sí i. Ẹlòmíì wá béèrè nípa aṣọ ẹgbẹ́jọdá, ó ní àwọ̀ tó wà lára pósítà ọdún náà yóò dára lára àǹkárá. Ìyẹn náà kò ṣeé ṣe: ìlànà náà ni pé a kò gbọdọ̀ ra fìlà, ife, ẹ̀wù alápá kékeré àti irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó wá. Ní kúkúrú, gbogbo ohun tí a fi ń mọ̀ pé Yorùbá ṣe ìnáwó ni òfin yìí yọ kúrò.

Mo rò ó títí, mo wá rí i pé òfin yẹn ló jẹ́ kí iṣẹ́ wa dára. Bí a kò bá lè fún ènìyàn ní oúnjẹ, a kò lè pè wọ́n jọ. Bí a kò bá lè pè wọ́n jọ, àwa ni yóò lọ bá wọn níbi tí wọ́n ti pé jọ tẹ́lẹ̀, tí ẹlòmíì ti se ìrẹsì. Kí ni a ń gba gbọ̀ngàn fún, nígbà tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan ń ṣe ìpàdé oṣooṣù, tí ṣọ́ọ̀ṣì ń ṣe ìdúpẹ́, tí àwọn alásàlátù ń pàdé ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, tí ilé ìdirun kún fọ́fọ́ ní ọjọ́ Jímọ̀? Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni a tọrọ lọ́wọ́ wọn níbikíbi. Tábìlì kan, ìwé pélébé, obìnrin kan láti ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ìjọba, lọ́yà kan tó mọ ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú. A gba àkókò díẹ̀ lórí rédíò pẹ̀lú, nítorí owó náà gbà wá láyè láti sanwó rédíò. Àwọn awakọ̀ tó ń gbé èrò ní òru gbọ́ ti rédíò ju gbogbo ohun tí a tẹ̀ lọ.

Bí ẹgbẹ́ yín bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ibi tí mo dúró lé nìyí: ẹ má ṣe ṣe ètò tuntun. Ẹ ti ọ̀rọ̀ yín bọ inú ètò tó wà tẹ́lẹ̀. Mo mọ̀ pé kò ní ya fọ́tò tó dára fún ìwé ìròyìn. Àbẹ́là tí ọgọ́rùn-ún ènìyàn tàn lálẹ́ dára lójú ju tábìlì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń bu ẹ̀bà. Ṣùgbọ́n àwọn tó máa ń wá síbi àbẹ́là ni àwọn tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìrànlọ́wọ́ wà. Àwọn tí kò mọ̀ ni ìkéde wà fún.

Ohun tó tẹ̀ lé oúnjẹ nínú ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé owó náà kì í wá ṣáájú. Ẹ̀yin ni yóò kọ́kọ́ náwó, ẹ ó kó rìsíìtì jọ, ẹ ó kọ ìròyìn, kí wọ́n tó dá a padà. Fún ilé-iṣẹ́ tó ní owó nílẹ̀, èyí kì í ṣe nǹkan. Fún ẹgbẹ́ tí ohun tó wà ní báńkì rẹ̀ kò ju owó àjọ oṣù yìí lọ, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀. Mo mọ àwọn ẹgbẹ́ tó ní ọgbọ́n, tó ní ènìyàn, tó mọ àdúgbò wọn dáadáa, tí wọn kò kọ̀wé rárá nítorí pé wọn kò ní 5,000 dọ́là láti yá ìjọba. Ibí yìí ni mo ti yọ ìràwọ̀ kan gbáko. Owó tí wọ́n ní ó wà fún àwọn tí ìránṣẹ́ ìjọba kì í dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n wá gbé e sí ibi tí ẹni tó ti lówó lọ́wọ́ nìkan ti lè mú un.

Ọ̀nà tí àwa gbà yọ nínú rẹ̀ ni pé a kò kọ̀wé fúnra wa. A wá ilé-iṣẹ́ tó tóbi jù wá lọ, tó ń ran àwọn obìnrin tí ọkọ ń lù lọ́wọ́, tó sì ti máa ń gba owó ìjọba. Àwọn ni wọ́n kọ̀wé, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ náwó, àwa sì ni alájọṣe tó mọ ilé àti ọ̀nà. A kọ àdéhùn sílẹ̀: ta ni yóò sanwó ìtẹ̀wé, ta ni yóò sanwó ògbifọ̀, ọjọ́ wo ni rìsíìtì gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ wọn. Mo rọ̀ yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kódà bó jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín ló ń darí ilé-iṣẹ́ náà. Rìsíìtì tí mo gbà nílé epo, tí kò sí orúkọ lára rẹ̀, wọn kò gbà á. Ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ti ohun èlò, mo gbóríyìn fún wọn. Lọ́dọọdún ni OVC máa ń gbé pósítà, àwòrán àti ìwé ìtọ́sọ́nà jáde lórí ìkànnì wọn, lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú àkọlé ọdún náà. Ti 2024 béèrè lọ́wọ́ ènìyàn pé báwo ni yóò ṣe ran ẹlòmíì lọ́wọ́. Ti 2025 dá lórí ìbátan àti ìwòsàn. Ẹ ó rí ti èdè Spanish níbẹ̀. Ẹ kò ní rí Yorùbá, àwa la túmọ̀ rẹ̀ fúnra wa. Ilé ìtẹ̀wé kan tó sọ pé èdè gbogbo ayé ni wọ́n ń tẹ̀ gbé ẹgbẹ̀rún ìwé pélébé wá tí gbogbo àmì abẹ́ lẹ́tà di àpótí òfìfo. A dá a padà, wọ́n tún un tẹ̀, wọ́n ṣì fẹ́ gbowó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ ẹyọ kan fún yín kí ẹ tó sanwó.

Ohun tí àwọn ènìyàn béèrè nìkan ló tó ìdí tí mo fi ń kọ èyí. Ohun tí mo rò ni pé wọn yóò béèrè nípa ẹ̀tọ́. Owó ni wọ́n béèrè. Awakọ̀ kan tí wọ́n fi ìbọn gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n sì fọ́ ọ lórí, ti ń gba ìwé gbèsè ilé ìwòsàn. Kò mọ̀ pé ìpínlẹ̀ Texas ní owó fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, tó lè tó 50,000 dọ́là, fún ìtọ́jú, fún owó iṣẹ́ tó pàdánù, fún olùdámọ̀ràn ọkàn, tàbí fún ìsìnkú bó bá jẹ́ pé ikú ló gbẹ̀yìn rẹ̀. Kò mọ̀ pé ọdún mẹ́ta ni wọ́n fún un láti béèrè. Gbogbo ìpínlẹ̀ ló ní irú ètò yìí. California ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1965, wọ́n sì ṣe òfin ti Texas ní 1979. Ó ti wà fún ọdún púpọ̀ kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó gba físà.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni obìnrin kan tó ń ta aṣọ dìde. Wọ́n tẹ̀ lé e láti báńkì, wọ́n fọ́ gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀, wọ́n gbé àpò owó lọ, irú èyí tí àwọn ará Houston ń pè ní jugging. Ó ní: "Ṣé wọn yóò dá owó mi padà?" Rárá. Owó náà kì í san ohun ìní tí wọ́n jí. Ojú rẹ̀ korò, mo sì mọ̀ ọ́n lára. Ìkéde tí kò bá sọ ohun tí kò sí lórí tábìlì, inú ènìyàn yóò bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bákan náà ni ti àwọn àgbà tí wọ́n fi fóònù lù ní jìbìtì. Ètò Texas kì í san án fún wọn, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kan wà tí OVC dá sílẹ̀ fún wọn, 1-833-372-8311, ẹni tó bá gbé e yóò bá àgbà náà kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ síbi tó yẹ. Ìwé pélébé tí nọ́ńbà yẹn wà lára rẹ̀ ló kọ́kọ́ tán lórí tábìlì wa. Àwọn ọmọ ni wọ́n ń mú un fún ìyá wọn.

Àmọ́ ìlẹ̀kùn owó Texas ní kọ́kọ́rọ́ kan: ẹ gbọ́dọ̀ ti fi ọ̀rọ̀ náà tó ọlọ́pàá létí. Ibí yìí ni àwa Yorùbá ti ń fà sẹ́yìn. "A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́" ni bàbá kan sọ nígbà tí mo dé ibẹ̀, gbogbo yàrá sì mì orí. Ẹlẹ́jọ́ kì í fẹ́ sọ pé àbúrò ọkọ òun ló lu òun. Ẹni tí ìwé rẹ̀ kò tí ì pé rò pé ọlọ́pàá àti àwọn tó ń lé ènìyàn kúrò nílùú jókòó nínú ọ́fíìsì kan náà. Kì í sì í ṣe àwa nìkan. Ìwádìí ìjọba àpapọ̀ fi hàn pé nínú gbogbo ìwà ipá tó ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn ní Amẹ́ríkà ní 2022, 41.5 nínú ọgọ́rùn-ún nìkan ló dé etí ọlọ́pàá. Èyí tó ju ààbọ̀ lọ ni kò dé ibẹ̀.

Lọ́yà wa ló gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi. Ó ṣàlàyé U visa, tí òfin ọdún 2000 dá sílẹ̀ fún ẹni tí ọ̀daràn ṣe lọ́ṣẹ́ tó sì ran ọlọ́pàá tàbí agbẹjọ́rò ìjọba lọ́wọ́: ó ní 10,000 ni wọ́n lè fọwọ́ sí lọ́dún fún àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an, ó ní ìlà gùn, ó gba ọdún, ó sì gba kí ọlọ́pàá fọwọ́ sí ìwé kan. Kò ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni. Ó tún sọ ohun tí ọ̀pọ̀ obìnrin tó wà níbẹ̀ kò gbọ́ rí: pé ẹni tí wọ́n fipá bá lò lè ṣe àyẹ̀wò nílé ìwòsàn ní Texas láìkọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, kí ó lè ráyè ronú. Gbogbo yàrá wá dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Fún àwọn tí ọkọ ń lù, a kọ 1-800-799-7233 sára bébà tó kéré bí ìka méjì, láìsí àwòrán, láìsí àkọlé, kí ẹni tó bá rí i nínú àpamọ́wọ́ má mọ ohun tó jẹ́. Wọ́n ní ògbifọ̀ èdè tó lé ní 200 lórí nọ́ńbà yẹn. Ilé ìyàgbẹ́ àwọn obìnrin ni a fi í sí. A kì í ka iye tí wọ́n mú, a kàn ń dá a padà sí i bó bá ti tán.

Èyí ló mú mi dé àléébù kejì. Ìròyìn ìparí fẹ́ iye: ènìyàn mélòó ló wá, ìwé mélòó ni ẹ pín, ìgbà mélòó ni rédíò gbé e. Ó yé mi, owó ìjọba ni, wọ́n gbọ́dọ̀ béèrè. Ṣùgbọ́n bébà tó wà ní ilé ìyàgbẹ́ kò ní iye, bẹ́ẹ̀ ni obìnrin tó pè mí lóṣù méjì lẹ́yìn ètò kò sí ibi tí mo lè kọ ọ́ sí, nítorí ọ̀sẹ̀ ti parí, ìròyìn ti lọ. Ọ̀sẹ̀ kan kéré. Oṣù kẹrin náà tún kún: oṣù náà ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ nípa ìfipábánilò, òun náà ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ nípa ìyà tí wọ́n fi ń jẹ ọmọdé. Àwọn tó yẹ kí wọ́n wá bá wa sọ̀rọ̀ wà ní ibi márùn-ún lọ́jọ́ kan. Ẹ tètè gba ọjọ́ lọ́wọ́ wọn láti oṣù kìíní, àti pé ẹ gbà á sínú ìwé.

Ìdajì ìràwọ̀ tó ṣẹ́kù tí mo yọ, ohun tí owó náà kò lè ṣe ni mo fi yọ ọ́. Ìkéde ni wọ́n fi í ṣe. Bí ẹ bá kéde dáadáa, ènìyàn yóò wá. Bí ènìyàn bá wá, wọn yóò fẹ́ ẹni tó máa tẹ̀ lé wọn lọ sí kóòtù, ẹni tó máa bá wọn kún fọ́ọ̀mù, ẹni tó máa gbé kọ́kọ́rọ́ tuntun sára ilẹ̀kùn. Ọwọ́ àwọn tó ń ṣe ìyẹn ti kún tẹ́lẹ̀, owó tiwọn sì ti dín kù. Nípa òfin Texas, àgọ́ ọlọ́pàá kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ẹnì kan tó jẹ́ alárinà fún ẹni tí ọ̀daràn ṣe lọ́ṣẹ́, ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ìjọba náà sì gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀. A mú orúkọ ọ́fíìsì àti nọ́ńbà wọn jáde, a tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn ìwé pélébé. Lára gbogbo ohun tí a ná owó náà lé lórí, ìyẹn ló ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ló dé tí ẹ kò wá owó mìíràn. A wá. Owó VOCA gan-an, èyí tí ìpínlẹ̀ ń pín, tóbi ju CAP lọ púpọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ gan-an ni wọ́n fẹ́ kí ẹ fi ṣe, wọ́n sì máa ń fẹ́ kí ẹgbẹ́ mú ìdá kan nínú márùn-ún owó iṣẹ́ náà wá láti ibòmíràn. Àwọn báńkì àti ilé ìtajà ńlá ń fúnni lówó àdúgbò, kò sì ní ìdènà oúnjẹ, àmọ́ wọ́n fẹ́ kí orúkọ wọn tóbi ju ọ̀rọ̀ yín lọ lára pósítà. Èyí tó rọrùn jù ni ti inú ẹgbẹ́: a ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ń ṣe ọjọ́ ìbí ní oṣù kẹrin ya ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sọ́tọ̀ fún wa níbi ayẹyẹ wọn. Àwọn méjì gbà. Ọ̀kan nínú wọn fún wa ní gbohùngbohùn lẹ́yìn tí wọ́n gé kéèkì tán, kí ijó tó bẹ̀rẹ̀, àsìkò yẹn sì dára púpọ̀ nítorí gbogbo ènìyàn ṣì jókòó.

Ta ni mo lè ní kó kọ̀wé fún CAP? Ilé-iṣẹ́ tó ní owó nílẹ̀ tí kò ní ènìyàn wa, àti ẹgbẹ́ wa tó ní ènìyàn tí kò ní owó nílẹ̀, bí wọ́n bá lè jọ kọ ọ́. Ẹgbẹ́ tó fẹ́ dá ṣe é, kí wọ́n ní sùúrù ná. Ẹgbẹ́ tó fẹ́ fi ṣe àpèjẹ, ibòmíràn ni kí wọ́n lọ. Bí ẹ bá ti rí alájọṣe, kí ẹ tó fọwọ́ sí àdéhùn, ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tí yóò máa gbé fóònù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ náà, àti wákàtí wo sí wákàtí wo. Àwọn alájọṣe wa dáhùn pé aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Mo sọ fún wọn pé àwọn awakọ̀ wa kì í jí kí aago méjì ọ̀sán tó lù, wọ́n sì fi kún un di aago méje alẹ́, ní ọjọ́ Tọ́sìdeè nìkan.